Ẹ̀rù ọ̀sà ti gba ìgbéga lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìsẹ̀lẹ̀ béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, Ìsẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, mo sì ti pé ọmọ ọdún 36. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ike ní ìhín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2014, ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí ni mo sì ń bójú tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni ọ̀gá wa pè mí, tí ó ní wọ́n fẹ́ kí n lọ ṣe olórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn tí ó wà ní Fálómọ̀, níbi tí ènìyàn 11 yóò ti wà lábẹ́ mi, tí owó oṣù mi yóò sì fi ìdajì lé sí i. Wọ́n fún mi di òpin oṣù tí ń bọ̀ kí n fi èsì fún wọn.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkòròdú mọ ohun tí ó wà nínú ìrìn yẹn. Bí mo bá gba orí ilẹ̀, n ó ti kúrò nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, n ó gba Mile 12 àti Kétu kọjá, n ó gun afárá Third Mainland, bí Ọlọ́run bá sì bá mi ṣe é, n ó dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ti ìpadàbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò ṣe é sọ. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tí ó gbọ́n ń wọ̀ ní Ìpakodò. Kí wákàtí kan tó pé dáadáa, wọ́n ti dé ọ̀hún, aṣọ ọrùn wọn kò tíì rún. Ọkọ̀ ojú omi yìí gan-an ni ìṣòro mi.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo tẹ̀lé ìyá mi àgbà lọ ra ẹja, Bàyẹ́kù ni a sì ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. A kò tíì jìnnà sí etí omi tó ibi tí a ti lè sọ òkò padà tí ọkọ̀ náà fi dojú dé. Kò sí ẹni tí ó kú. Apẹja kan fi ẹ̀yìn aṣọ fà mí jáde bí ẹni fa ọmọ ajá, abọ́ ẹja ìyá mi àgbà ni ó bá omi lọ, ó sì sunkún nítorí abọ́ náà ju bí ó ti sunkún nítorí mi lọ. Títí ó fi papò dà ni a fi ń fi ọ̀rọ̀ náà bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò tún gun ohunkóhun tí ń léfòó mọ́. Kódà, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland, àárín èrò ni mo máa ń jókòó sí, n ó sì di ojú mi títí a ó fi sọ̀ sí Adéníjí, tí àyà mi yóò máa lù kìkì, tí ọwọ́ mi yóò sì tutù bí ọwọ́ ẹni tí ó gbé yìnyín.

Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ìgbéga lọ̀ mí ṣáájú èyí, ní ọdún 2019 àti ní ọdún 2022. Lẹ́ẹ̀kíní, mo parọ́ pé ara ìyá mi kò yá; lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ọmọ mi kéré. Ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni ó gba ti ọdún 2022, òun ni ó sì ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi mi lónìí. N kò bínú sí i. Ara mi ni mo ń bínú sí.

Pásítọ̀ wa ti gbàdúrà fún mi, ọkọ mi ti rẹ́rìn-ín tán, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n di ojú kí n kó sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ẹ̀rù náà yóò tán. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yìí. Mo san owó, mo wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀, mo sì sáré padà sí òkè. Bí mo ṣe ń jáde ní ẹnu ọ̀nà èbúté ni ara tù mí bí ẹni tí ó mu omi tútù nínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọ̀hún sì ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà níbí tí irú èyí ti ṣe rí, tí ó sì bọ́ nínú rẹ̀? N kò fẹ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Awakọ̀ Ìpakodò dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọjà mi ni mo wá polówó. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù omi ni kí ẹ lé lọ. Èmi fúnra mi ń bẹ̀rù omi, awakọ̀ tí kò bá sì bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó ni kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ, síbẹ̀ omi tí ó bá ti bo imú ti tó omi. Ìgbì wà, ìkùukùu ọyẹ́ wà, gẹdú tí ó já kúrò lára àwọn tí wọ́n ń wọ́ lórí omi wà, ó máa ń rì díẹ̀ tí ojú kì í fi í tètè rí i. Ewéko olómi tí ó gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1984 náà wà, bí ó bá lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ó kàn jókòó sí àárín ọ̀sà máa wo ara yín ni.

Nítorí náà, ẹ ya ẹ̀rù yín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó bá ní ìdáhùn, ẹ dá a lóhùn. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá LASWA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀nà omi, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti béèrè ìbéèrè kí ẹ tó wọ ọkọ̀: ṣé èbúté tí ìjọba mọ̀ sí ni ọkọ̀ náà ti ń gbéra, ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì náà bá ara yín mu, tí okùn rẹ̀ sì ṣe é so, ṣé èrò kò ju ìjókòó lọ, ṣé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ kò bá dára, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́, kódà bí gbogbo èrò bá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tán tí àyà yín sì tún ń já, èyí tí ó ṣẹ́ kù yẹn ni ẹ̀rù tí ẹ wá bá wa sọ, n kò sì mọ oògùn rẹ̀. Mo kàn fẹ́ bi yín: nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ó dà ní Bàyẹ́kù lọ́jọ́ náà, ta ni ó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ dáhùn:

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí awakọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, nítorí pé ó ti gba ìdajì iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi kí n tó padà wálé sí Ẹ̀pẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ajá ni mo bẹ̀rù títí mo fi lé ní ogójì ọdún, ẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn ni mo sì ń tọ́jú ní gbogbo àkókò náà.

Ibì kan wà nínú ìwé rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí o ti ní bí o ṣe sá kúrò ní èbúté ni ara tù ọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìtura yẹn ni oúnjẹ ẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dà, ọpọlọ rẹ kọ́ ẹ̀kọ́ kan, pé omi lè pa ènìyàn, ẹ̀kọ́ náà kò sì burú. Ọdún 27 ti kọjá lórí rẹ̀, ó yẹ kí ó ti gbó. Ohun tí kò jẹ́ kí ó gbó ni pé nígbàkígbà tí o bá ti yà fún omi, ara á tù ọ́, ọpọlọ rẹ á sì gbà pé yíyà tí o yà ni ó gbà ọ́ là. Kò rí ọjọ́ kan tí o dúró, tí nǹkan kan kò sì ṣe ọ́. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ O. Hobart Mowrer ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1947, pé ọ̀nà kan ni ẹ̀rù ń gbà wọlé, ọ̀nà mìíràn ni ó fi ń pẹ́ nílé, sísá sì ni ọ̀nà kejì náà. Àwọn baba wa ti rí ìdajì rẹ̀ ṣáájú, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Wọn kò kàn sọ fún wa bí a ṣe ń mú ẹni náà padà wá wo ekòló.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ní kí o di ojú kó sínú ọkọ̀ kò fẹ́ ibi fún ọ, àtẹ̀gùn kẹwàá ni ó ní kí o kọ́kọ́ gùn. Ní ọdún 1924, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Cover Jones kọ ìròyìn bí ó ti ṣe tọ́jú ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ó pè ní Peter, tí ehoro máa ń dẹ́rù bà. Kò gbé ehoro lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ó fi í sínú àgò, ó gbé e sí ọ̀ọ́kán nígbà tí ọmọ náà ń jẹ ohun tí ó wù ú, ó sì ń sún un mọ́ ọn lójoojúmọ́, títí ọmọ náà fi ń fọwọ́ pa ehoro lára. Nígbà tí ó di ọdún 1958, dókítà ará South Africa kan, Joseph Wolpe, tí ó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ìpayà ogun kò kúrò lára wọn, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń to irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà ni gbogbo rẹ̀.

Bí ó bá ṣe èmi ni, bí n ó ṣe to ó nìyí. Mú ìwé, kọ gbogbo ohun tí ó kan omi tí ó ń já ọ láyà sílẹ̀, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti orí òdo dé ọgọ́rùn-ún. Bóyá jíjókòó sí etí omi ní Ìpakodò láì wọ ọkọ̀ yóò gba 40, kí dídúró lórí èbúté tí ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ gba 60, kí jíjókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ gba 75, kí sísọdá kúkúrú gba 90. Orí 40 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, àyà rẹ yóò já, nítorí pé ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín tí ń tú oje sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi múra ara sílẹ̀ fún sísá tàbí fún ìjà. Oje yìí kò wá pa ọ́. Etu inú igbó náà ní in, òun ni ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ara kì í sì í lè dúró ní òkè yẹn títí. Bí o kò bá sá, yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn dìde nígbà tí ó bá ga jù lọ. Bí ẹ̀rù rẹ bá dé 70, jókòó títí yóò fi wálẹ̀ sí 35, ìbáà gbà ọ́ ní wákàtí kan, kí o tó kọjú sílé, kí o sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bí o bá fi oṣù kan sí àárín, bí ẹni pé o kò ṣe é ni.

Má sì ṣe di ojú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ń dáàbò bò ọ́ ní tòótọ́, wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú dídì, dídi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ mú gírígírí, kíka Sáàmù láì mí láti èbúté dé èbúté, ìwọ̀nyí kì í gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi, ọpọlọ rẹ ni yóò máa fún wọn ní ìyìn tí kì í ṣe tiwọn. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, kí pásítọ̀ yín má ṣe bínú sí mi. Gbàdúrà kí o tó wọ ọkọ̀, kí o sì la ojú rẹ sílẹ̀ bí o bá wọ̀ ọ́ tán.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ pé ẹ̀rù náà yóò padà wá bẹ̀ ọ́ wò. Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, rí i lára àwọn ajá rẹ̀ pé ohun tí ó dà bí ẹni pé ajá ti gbàgbé máa ń sọjí bí ìsinmi bá ti wọ àárín rẹ̀. A kì í pa ẹ̀kọ́ àtijọ́ rẹ́, tuntun ni a ń kọ lé e lórí. Nítorí náà, bí o bá sọdá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àyà rẹ sì tún já ní ọjọ́ Ajé, má ṣe sọ pé iṣẹ́ rẹ ti ṣòfò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, má ṣe dá lọ. Nígbà tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọpọlọ ní abúlé Arò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ó ní kí ẹbí kan máa bá aláìsàn gbé láàárín àwọn ará abúlé, nítorí ó mọ̀ pé ojú ẹni tí a mọ̀ máa ń fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Kí ẹni tí yóò bá ọ lọ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín o, ọkọ rẹ ni mò ń wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé àyà rẹ máa ń já báyìí láìsí omi nítòsí, tàbí o kò rí oorun sùn, tàbí o ní àìsàn ọkàn, rí dókítà ná. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Yábàá kì í ṣe ti àwọn tí ń já aṣọ ya ní ìgboro nìkan. Mo ti rí olùkọ́ yunifásítì tí ó gba ibẹ̀ lọ nítorí ẹ̀rọ agbéniròkè.

Bàbá Ìgbógbó dáhùn:

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ara mi kò gba ohun tí ẹ ń sọ tán. Ọdún 31 ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ láàárín Ìgbógbó àti Èkó. Mo ti ń lọ kí wọ́n tó parí afárá Third Mainland ní ọdún 1990, mo sì ti fẹ̀yìn tì kí bọ́ọ̀sì BRT tó dé Ìkòròdú ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. N kò wọ ọkọ̀ ojú omi rárá, mo kọ́ ilé, mo sì tọ́ ọmọ márùn-ún. Ta ni ó sọ pé ẹni tí kò bá gun ọ̀sà kò dàgbà? Àwa ọmọ etí omi, a kì í fi omi ṣeré. Ìyá wa ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dára, yá yàrá kan sí Ọ̀balẹ́ńdé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí o sì máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe ìgbéga tí ó bọ́, irọ́ méjì náà ni. O pe àìsàn mọ́ ìyá rẹ nítorí iṣẹ́. Bí o bá sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀rù omi ń bà ọ́, kí ni yóò ṣe ọ́? Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ dáhùn:

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ kò bẹ̀rù omi, ẹ kàn yan ilẹ̀ ni. Ẹni tí ó yàn kì í di ojú lórí afárá. Ṣùgbọ́n ẹ gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ lórí irọ́ náà, nítorí pé irọ́ gan-an jẹ́ ọ̀nà kan tí a fi ń sá.

Olùkọ́ Àgbádárìgì dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sọ mí di ẹni tí ń ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ. Mo ka ìbéèrè yín látòkè délẹ̀, mo sì rí i pé omi ni ó kún inú rẹ̀: Bàyẹ́kù, apẹja, abọ́ ẹja, Adéníjí, èbúté. Ènìyàn 11 tí yóò wà lábẹ́ yín kò gbà ju àbọ̀ gbólóhùn kan lọ, ẹ kò sì padà sí i mọ́. Ẹ kò tún sọ ibi tí iṣẹ́ ọdún 2019 àti ti ọdún 2022 wà. Ṣé òdìkejì ọ̀sà náà ni?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé nígbà tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, odidi oṣù kan ni mo fi sọ pé ọ̀fun ń dùn mí, kí n má baà dìde bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. N kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó ń dùn mí lóòótọ́. Dókítà yẹ ọ̀fun náà wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ní ìtàn, tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ tí wọn yóò ṣàánú ẹni, rọrùn láti gbé kiri ju èyí tí kò ní ìtàn lọ. N kò sọ pé ẹ̀rù omi yín kì í ṣe òtítọ́ o. Mo kàn ń béèrè bóyá òun nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọmọ Ìsẹ̀lẹ̀ padà kọ̀wé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe bínú pé mo pẹ́. Nígbà tí mo ka ìbéèrè olùkọ́, mo pa fóònù mi, n kò sì ṣí ìhín fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ti ọdún 2022, Àpápá ni. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2019, Ṣàgámù ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé kò sí ọ̀sà kankan tí ènìyàn ń sọdá láàárín Ìkòròdú àti Ṣàgámù. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé omi ni ó gba ìgbéga méjèèjì lọ́wọ́ mi, mo sì gba ara mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín ní orí ọ̀rọ̀ láì parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ǹ bá darí ní Ṣàgámù, ọkùnrin ni gbogbo wọn, méjì nínú wọn sì jù mí lọ. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé n ó dúró níwájú wọn, wọn yóò bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, wọn yóò sì wo ara wọn lójú.

Nítorí náà, àtẹ̀gùn méjì ni mo tò dípò ọ̀kan. Ti omi ni mo kọ́kọ́ mú, àbúrò ọkọ mi obìnrin ni ó sì ń bá mi lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a jókòó sí Ìpakodò, ẹ̀rù mi gùn dé 80, ó sì gba bí ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó wálẹ̀ sí 30; mo fẹ́ dìde ní ìgbà mẹ́fà, ọmọ náà ń fi ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí ó di ìgbà karùn-ún, obìnrin tí ń ta omi nínú ọ̀rá níbẹ̀ bi mí bóyá ẹni tí mò ń retí ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè ni. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ kan gbà kí n jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó so mọ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan tí kò sí èrò. Mo mì, ọkọ̀ náà mì, a jọ ń mì títí ó fi sú mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo lọ sí Bàyẹ́kù. Kò sí ẹni tí ó ní kí n lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti jẹ gbèsè náà. Mo wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo so okùn rẹ̀, mo yẹ ti ẹni ẹ̀gbẹ́ mi wò pẹ̀lú, mo sì sọdá sí Bádóre pẹ̀lú ojú mi méjèèjì lálà. Omi náà kò tilẹ̀ mọ́, ewé àti ọ̀rá ni ó kún ojú rẹ̀. Mo sunkún ní òdìkejì, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé ìyá mi àgbà ni mo rántí. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, mo jí pẹ̀lú ẹ̀rù tí ó tó ti oṣù kejì, bí nọ́ọ̀sì ti sọ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti fi í sílẹ̀.

Àtẹ̀gùn kejì le ju ti omi lọ, mo fẹ́ kí Bàbá Ìgbógbó gbọ́ èyí. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ òtítọ́ ọdún 2019 àti ti ọdún 2022 fún un. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ìyá mi kò ṣàìsàn, nítorí pé òun pàdé wọn ní ọjà Ìta Ẹlẹ́wà lọ́sẹ̀ náà gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n máa darí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì tí a fi ń ka ọjà tí ó wà nílẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀. Ohùn mi gbọ̀n ní ìpàdé àkọ́kọ́, mo sì ka ìwé ọwọ́ mi láì gbójú sókè. Ní ìpàdé kejì, ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tí n kò mọ̀. Mo ní, "N kò mọ̀, n ó wádìí rẹ̀ di ọ̀la." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì béèrè òmíràn.

N kò tíì wọ ọkọ̀ dé Fálómọ̀ rí. Òpin oṣù ti dé, ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ń retí èsì mi, ìwé náà sì wà nínú àpò mi, mo ti fọwọ́ sí i. Mo lè fi í rán ẹni tí ń wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé e débẹ̀. Awakọ̀ Ìpakodò, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni kí n ti dé èbúté, ibo ni kí n sì jókòó sí?

Awakọ̀ Ìpakodò dáhùn:

Ẹ ti dé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ìlà máa ń gùn. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, nítorí iwájú ni ọkọ̀ ti máa ń fò jù bí ó bá pàdé ìgbì. Kí ẹ sì fi ìwé náà sínú ọ̀rá, omi máa ń ta sókè díẹ̀.